Félix Éboué

Félix Éboué (26 oṣù Kejìlá ọdún 1884 – 17 oṣù Karùn-ún ọdún 1944) jẹ́ aláwọ̀ dúdú tó ṣe gómìnà lábẹ́ ìjọba amúnisìn Faransé. Òun ni gómìnà àkọ́kọ́ ní Áfíríkà ilẹ̀ Faransé tó kọ ìjọba apàṣẹwàá Vichy sílẹ̀.

Ìlú Cayenne, ní Guyana ti Faransé, ni wọ́n ti bí i sínú ìdílé tó ṣẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ẹrú. Ó kàwé ní Bordeaux àti Paris, ó sì lo ohun tó lé ní ogún ọdún lẹ́nu iṣẹ́ ní Oubangui-Chari. Ó kọ́ èdè àwọn ará ibẹ̀, ó sì tẹ ìwé jáde lórí wọn ní ọdún 1918. Síbẹ̀, kò yẹ kí a fi pa mọ́ pé ó wà lára àwọn tó fi ipá mú àgbẹ̀ gbin òwú. Ó ṣe gómìnà Guadeloupe ní ọdún 1936, kí wọ́n tó gbé e lọ sí Chad.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 1940, Jámánì ṣẹ́gun Faransé. Ọ̀gágun Pétain gba ìjọba ní Vichy, ó sì ń bá Hitler ṣe. Pierre Boisson, tó jẹ́ gómìnà àgbà ní Dakar, fara mọ́ ọn. Bí àwọn ará Kétu àti Ṣakété ní Dahomey ṣe bọ́ sábẹ́ Vichy nìyẹn, nígbà tí àwọn ìbátan wọn ní Nàìjíríà wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tó ń bá Jámánì jagun.

Éboué kò gbà. Chad kò ní etíkun, Nàìjíríà sì ni púpọ̀ nínú ọjà rẹ̀ ń gbà kọjá. Àwọn ọmọ ogun Mussolini wà ní Libya, lókè àríwá. Aláwọ̀ dúdú kò sì lè retí ire lọ́wọ́ Nazi. Bí Gẹ̀ẹ́sì bá pàdánù ogun náà, orí rẹ̀ ni yóò fi dí i. René Pleven, ìránṣẹ́ de Gaulle, wọ bàálù láti Èkó wá bá a. Nígbà tó di ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ, Éboué àti Ọ̀gágun Marchand kéde ní Fort-Lamy, tí à ń pè ní N'Djamena lónìí, pé ti de Gaulle ni àwọn ń ṣe. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, Cameroon àti Congo tẹ̀ lé wọn. Vichy dá ẹjọ́ ikú fún un lẹ́yìn rẹ̀.

Ní oṣù Kọkànlá, de Gaulle sọ ọ́ di gómìnà àgbà ní Brazzaville. Láti Chad ni àwọn ọmọ ogun Leclerc ti lọ gba Kufra lọ́wọ́ àwọn Ítálì ní ọdún 1941. Kò rí òpin ogun náà. Cairo ni ó kú sí. Ní ọdún 1949, wọ́n gbé òkú rẹ̀ lọ sí Panthéon ní Paris, òun sì ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí wọ́n tẹ́ síbẹ̀.