ỌBA AKÍNYẸLÉ: ALÁDÙÚRÀ TÍ Ó MỌ ADÙN ÌLÚ RẸ̀

Ó yẹ kí a rántí ọ̀kan nínú àwọn baba tí wọ́n la ọ̀nà tí a ń tọ̀. Olóògbé Sir Isaac Babalọlá Akínyẹlé, Olúbàdàn ti Ilẹ̀ Ìbàdàn, ni a mú. Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn kan nínú wa rò pé ẹni tó bá fẹ́ mọ àdúrà gbà gbọ́dọ̀ máa fajú ro, kí ó sì sá fún gbogbo ohun tó ń dùn mọ́ ará ìlú. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ọdún 1882 ni a bí Bàbá ní Ìbàdàn. Josiah Akínyẹlé, baba wọn, wà lára àwọn tó tètè gba Jésù ní Kúdẹtì, níbi tí David Hinderer àti Anna aya rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ ìhìnrere láti nǹkan bí 1853. Ilé Kristẹni ni wọ́n ti tọ́ wọn, ṣùgbọ́n láàárín Ìbàdàn náà ni: ìlú tí ìyá àgbà ti ń fi oríkì jí ọmọ láàárọ̀, tí àwọn àgbà sì ń jókòó sọ ìtàn ogun àti ìjòyè. Òótọ́ ni pé Ìbàdàn kì í ṣe ìlú kékeré, àmọ́ agboolé-agboolé la fi ń gbé e, kálukú ló mọ ilé ẹnìkejì rẹ̀.

Ohun tí ẹlòmíràn ń gbọ́ tó sì ń gbàgbé ni Bàbá kó jọ. Ní 1911, nígbà tí wọn ò tíì pé ọmọ 30 ọdún, Ìwé Ìtàn Ìbàdàn tí wọ́n kọ jáde, pẹ̀lú ìtàn Ìwó, Òṣogbo àti Ìkìrun, tòun ti oríkì àwọn akọni. Ìgbàgbọ́ wọn ò ní kí wọ́n tijú ìtàn baba wọn.

Nígbà tó yá, Bàbá fi ìjọ Áńgílíkà tí wọ́n bí wọn sí sílẹ̀, wọ́n wọ Faith Tabernacle, ẹgbẹ́ tó gbà pé Ọlọ́run ń fi àdúrà wo àìsàn. Kì í ṣe ohun kékeré. Ẹ̀gbọ́n wọn, Alexander Babatúndé, tó dá Ibadan Grammar School sílẹ̀ ní 1913, dúró sí Áńgílíkà, ó sì di Bíṣọ́ọ̀bù Ìbàdàn àkọ́kọ́ ní 1952. Ilé kan náà ló bí wọn, ọ̀tọ̀ ni ibi tí kálukú jókòó sí.

Ní 1930 ni ìsọjí ńlá bẹ́ sílẹ̀ ní Iléṣà láti ọwọ́ Joseph Ayọ̀ Babalọlá. Lọ́dún yẹn kan náà ni Daniel Orẹ́kọ̀yà gbé e dé Òkè-Bọ́là, nítòsí wa níhìn-ín, tí èrò sì ń wọ́ tìrítìrí. Àwọn míṣọ́nnárì Apostolic Church wá láti Bírítéènì lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ lílo oògùn dá ìyapa sílẹ̀. Nígbà tí àwọn baba wa sọ ìjọ wọn ní Christ Apostolic Church ní 1941, Bàbá Akínyẹlé ni Ààrẹ.

Ní 1955, wọ́n jọba. Ṣebí ìbéèrè ńlá nìyẹn? Ìtẹ́ Olúbàdàn, ti Mùsùlùmí ni, ti Kristẹni ni, ti oníṣẹ̀ṣe náà ni. Ọ̀pọ̀ ìbá ní kí wọ́n yan ọ̀kan: ìjọ tàbí ìlú. Bàbá ò fi èyíkéyìí sílẹ̀. Ààrẹ ìjọ ni wọ́n, Olúbàdàn sì ni wọ́n, títí wọ́n fi wàjà ní 1964, lẹ́ni ọdún 82. Ìgbà tiwọn náà ni wọ́n ṣí pápá ìṣeré Liberty ní Ring Road, ní 1960.

Ẹ̀yin ará, kí la rí kọ́? Ẹni tó ń gbààwẹ̀ lè fẹ́ràn ìlú rẹ̀. Bí a bá jáde nínú ìsìn, tí a délé tí a bá àmàlà gbígbóná pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú, tí aládùúgbò yọjú tó ní ẹ kú ìjókòó, tí àwọn ọmọ ń ṣeré lójúde, oore Ọlọ́run ni gbogbo rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí a máa wo ojú ọ̀run nìkan ká wá fojú fo ohun tó wà nínú abọ́ wa.

Nítorí náà, kí a tó parí àjọ̀dún yìí, kí kálukú wa lọ bá ẹni tó dàgbà jù nílé rẹ̀, kí ó bi í léèrè oríkì ìdílé, kí ó sì kọ ọ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ tí Bàbá ṣe nìyẹn kí wọ́n tó jẹ́ Ààrẹ, kí wọ́n tó jọba. Ọlọ́run Bàbá Akínyẹlé yóò fi ayọ̀ kún ilé gbogbo wa. Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Àmín.