Ọba Jehoiakini: Ọmọ Ọdún Mélòó Ni?

Lónìí, a óò ka ìtàn Jehoiakini, ọba tó jẹ ní Jerúsálẹ́mù láyé àtijọ́. Bíbélì sọ ìtàn rẹ̀ ní ibi púpọ̀, ṣùgbọ́n ibi méjì kò kọ ọjọ́ orí kan náà fún un. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ọkùnrin náà, kí á tó dá ẹjọ́.

Jehoiakimu ni bàbá rẹ̀. Nehuṣita ni ìyá rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ń sin Nebukadinésárì, ọba Bábílónì, kó tó ṣọ̀tẹ̀ sí i. Nígbà tí bàbá kú, ọmọ gorí oyè. Ó jogún ìlú, ó sì jogún ogun.

Oṣù mẹ́ta péré ló fi jọba. Ọmọ ogun Bábílónì yí ìlú ká. Ní ọdún 597 kí á tó bí Jésù, ọba jáde, ó fi ara rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n kó òun, ìyá rẹ̀, àwọn ìyàwó rẹ̀, àwọn ìjòyè àti àwọn alágbẹ̀dẹ lọ sí Bábílónì. Wọ́n fi Sedekáyà, àbúrò bàbá rẹ̀, sórí oyè.

Ní ọdún 37 ìgbèkùn rẹ̀, ọba tuntun kan jẹ ní Bábílónì. Ó mú Jehoiakini kúrò lẹ́wọ̀n, ó pààrọ̀ aṣọ rẹ̀, ó sì ń bọ́ ọ títí ó fi kú.

Ọ̀rọ̀ wá dé. Ìwé Àwọn Ọba Kejì sọ pé ó jẹ́ ọmọ ọdún 18 nígbà tó jọba. Ìwé Kíróníkà Kejì sọ pé ọmọ ọdún 8 ni. Èwo ni ká gbà?

Ẹ ronú sí i. Ìwé Àwọn Ọba sọ pé wọ́n kó àwọn ìyàwó rẹ̀ lọ. Ọmọ ọdún 8 kì í ní ìyàwó nílé. Àwọn ará Jámánì tún wú àwọn wàláà amọ̀ jáde nílẹ̀ Bábílónì. Ní ọdún 1939 ni wọ́n tẹ ohun tó wà lára wọn jáde. Orúkọ Jehoiakini wà níbẹ̀, àti òróró tí wọ́n ń wọ̀n fún òun àti ọmọkùnrin rẹ̀ márùn-ún. Àwọn ẹ̀dà àtijọ́ kan ti Kíróníkà pàápàá kọ 18.

Báwo ni 8 ṣe wọlé? Ní èdè Yorùbá, méjìdínlógún kò jọ mẹ́jọ rárá. Ṣùgbọ́n ní èdè Hébérù, mẹ́jọ àti mẹ́wàá ni wọ́n ń pè pọ̀ láti kọ 18. Bí akọ̀wé tó ń da ìwé kọ bá fo mẹ́wàá, mẹ́jọ nìkan ló kù. Ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé gbà pé bẹ́ẹ̀ ló ṣẹlẹ̀. Ẹ kọ 18 sínú ìwé yín, kí ẹ sì pa 1 rẹ́. Ẹ ti rí i.

Kíróníkà tún pe Sedekáyà ní arákùnrin rẹ̀. Ìyẹn kò le. Ní èdè Hébérù, ìbátan ni arákùnrin lè jẹ́, bí àwa náà ṣe ń pe ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wa ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò.

Ẹ̀yin ará Kpoulou, ẹ fi èyí kọ́gbọ́n. Bí ẹ bá kó àpò àgbàdo 18 fún oníbàárà, tó sì kọ 8, àpò 10 ti lọ nìyẹn. Bí wọ́n bá kọ ọjọ́ orí ọmọ yín sínú ìwé ìbí, ẹ kà á kí ẹ tó kúrò níbẹ̀. Ẹni tó lè kàwé ló lè rí àṣìṣe akọ̀wé.

Ìbéèrè
1. Oṣù mélòó ni Jehoiakini fi jọba?
2. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ọdún 18 nígbà tí wọ́n kó o lọ, ọmọ ọdún mélòó ni lẹ́yìn ọdún 37?
3. Kí ló fi hàn pé kì í ṣe ọmọ ọdún 8?