Ẹfúnṣetán Aníwúrà: Ọmọ Tó Kú àti Gbèsè Tí Wọn Kò San

Mo ti gbọ́ orúkọ Ẹfúnṣetán ní Ọjà Ọba, l'Ádó-Èkìtì níbí, kí n tó mọ̀ pé ènìyàn gidi kan ló jẹ́ ẹ rí. Àǹtí mi, àbúrò bàbá mi, ni wọ́n fi ń pè. Ẹ̀wà àti gàárì ni àǹtí mi ń tà. Ó máa ń tajà láwìn fún ẹni tí kò bá rówó, ṣùgbọ́n bí ọjọ́ owó bá pé, kì í gba àwáwí. Bí àwọn tó jẹ ẹ́ lówó bá ti rí i lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n á máa sọ fún ara wọn pé Ẹfúnṣetán ti ń bọ̀. Àwa ọmọ ilé náà kọ́ ọ lẹ́nu wọn, a sì máa ń pè é bẹ́ẹ̀ tí kò bá sí nítòsí.

Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo mọ̀ pé àǹtí mi bí ọmọ kan ṣoṣo rí, àti pé ọjọ́ tí ó bí i náà ni ọmọ náà kú. Kò bí òmíràn mọ́. Wọn kì í sọ ọ́ nílé wa, ṣùgbọ́n kò sí àgbàlagbà kan níbẹ̀ tí kò mọ̀.

Nígbà tí mo wà ní ìpele kejì, a ka eré-onítàn Akínwùmí Ìṣọ̀lá tí a fi orúkọ obìnrin náà pè. Wọ́n ní kí a kọ àròkọ lórí ohun tó sọ Ẹfúnṣetán di ìkà. Èmi kọ ọ́ pé àìlọ́mọ ló ba ìwà rẹ̀ jẹ́, mo sì gba máàkì tó dára. Nígbà tí mo lọ sílé ní òpin ọ̀sẹ̀, àǹtí mi rí ìwé náà lọ́wọ́ mi, ó ní kí n kà á sí òun létí. Mo kà á. Nígbà tí mo dé orí gbólóhùn yẹn, mo fò ó. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá bí ìgbésí ayé Ẹfúnṣetán ṣe rí gan-an.

Ọmọ Ẹ̀gbá ni. Ògúnrìn, jagunjagun, ni bàbá rẹ̀. Ìlú Ìbàdàn ni ó lọ, ibùdó ogun tí ó di ìlú ńlá lẹ́yìn tí àwọn ìlú Ọ̀yọ́ àtijọ́ àti ti Ẹ̀gbá ti tú. Ibẹ̀ kì í ṣe ìlú tí wọ́n ti ń wo ìran ẹni kí wọ́n tó fún un láyè. Ohun tí ọwọ́ ẹni bá ká ni wọ́n ń wò, ọwọ́ Ẹfúnṣetán sì ká púpọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti jókòó sí kíláàsì mofọ́lọ́jì mọ bí a ṣe ń já Aníwúrà: àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a-, ọ̀rọ̀-ìṣe ní, àti wúrà. Ẹni tó ní wúrà. Orúkọ náà kò purọ́ mọ́ ọn.

Ó ń ta ìbọn àti ẹ̀tù fún àwọn ológun, ó ń ta tábà, ó sì ń ta ẹrú. Samuel Johnson, tí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ jáde ní ọdún 1921, kọ ọ́ pé ẹrú tó wà ní oko rẹ̀ nìkan tó nǹkan bí 2,000, láìka àwọn ti inú ilé. Ó ní ọmọ ogun tirẹ̀ àti àwọn balógun tó ń kó wọn lọ sójú ìjà. Ó jẹ oyè Ìyálóde, ìyẹn ni pé òun ni ẹnu àwọn obìnrin nínú ìgbìmọ̀ ìlú.

Èmi tí mo jẹ́ ọmọ Èkìtì kò lè ka iye ẹrú yẹn kí n sì kọjá lọ bí ẹni pé iye iṣu ni. Ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn, ogun Ìbàdàn ń wọ ilẹ̀ wa léraléra, àwọn ajẹ́lẹ̀ wọn sì ń jókòó lé àwọn ìlú wa lórí. Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà wà lára ibi tí wọ́n ti ń kó ènìyàn. Ìyà náà ló mú kí Èkìtìparapọ̀ dìde, tí ogun Kírìjì sì ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ikú Ẹfúnṣetán. Nítorí náà, mi ò jókòó láti wẹ obìnrin yìí mọ́. Ẹ̀tù tó ń tà wà lára ohun tí wọ́n fi kó àwọn ènìyàn wa.

Ní ọdún 1860, ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí Ẹfúnṣetán bí kú nígbà tí ó fẹ́ bímọ. Ọmọ inú náà kò sì yè. Ìtàn sọ pé láti ìgbà yẹn ni ó ti yí padà. Kò fẹ́ rí oyún lára ẹrúbìnrin rẹ̀ kankan mọ́, ìyà tó sì ń fi jẹ ẹni tó bá lóyún burú jáì. Ikú ọmọ lè jẹ́ ká mọ ibi tí ìkà náà ti ṣẹ̀. Kò lè dá ohun tí àwọn ẹrúbìnrin náà pàdánù padà fún wọn.

Bí ìtàn náà bá parí síbí, àròkọ mi ìgbà yẹn tọ̀nà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí àwọn ẹrúbìnrin wọ̀nyẹn ni wọ́n ṣe pa Ẹfúnṣetán.

Látóòsà di Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ní ọdún 1871. Ogun ni iṣẹ́ rẹ̀, ogun sì ń jẹ owó. Àwìn ni ọ̀pọ̀ àwọn ológun ń ra ìbọn àti ẹ̀tù lọ́wọ́ Ẹfúnṣetán, gbèsè náà sì ń pọ̀ sí i. Nígbà tó yá, ó rẹ obìnrin náà. Kò fẹ́ tajà láwìn mọ́, kò sì rán ọmọ ogun rẹ̀ jáde mọ́. Nígbà tí Ààrẹ ti ojú ogun dé, ẹ̀sùn mẹ́ta ni ó fi kan Ìyálóde: kò bá òun lọ sógun, kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí òun níbẹ̀, kò sì wá pàdé òun lẹ́yìn odi ìlú láti kí òun káàbọ̀. Ẹ tún àwọn ẹ̀sùn náà wò. Kò sí orúkọ ẹrú kankan nínú wọn. Kò sí ọ̀rọ̀ oyún.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 1874, wọ́n gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì fi Ìyápọ̀ jẹ Ìyálóde. Wọ́n bu owó ìtanràn lé e, ó san án, ó sì ń bẹ àwọn olóyè. Inú Ààrẹ kò yọ́. Wọ́n wá ọ̀nà dé inú ilé rẹ̀. Kúmúyìlọ, ọmọ tí Ẹfúnṣetán gbà tọ́, ni wọ́n fún ní owó ẹ̀yìn. Nígbà tí oṣù kẹfà ń parí lọ, àwọn ẹrú tí Kúmúyìlọ rán wọlé tọ̀ ọ́ lóru, wọ́n sì pa á lójú oorun.

Àwọn Ẹ̀gbá tó ń gbé Ìbàdàn kò gbà kí ọ̀rọ̀ náà lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n wádìí ikú ọmọ àwọn. Wọ́n wádìí, àṣírí sì tú. Àwọn ẹrú tí wọ́n rán níṣẹ́ ni wọ́n pa. Látóòsà ṣì ń jẹ́ Ààrẹ títí ó fi kú ní ọdún 1885.

Ẹ jẹ́ ká padà sí eré-onítàn náà. Ìgbà tí Ìṣọ̀lá ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ n'Ìbàdàn ni ó kọ ọ́, ní nǹkan bí ọdún 1961 sí 1962, ọjọ́ orí rẹ̀ nígbà náà kò sì ju tèmi lọ. Ìwé náà jáde ní ọdún 1970. Nínú rẹ̀, ìbànújẹ́ obìnrin tí kò ní ọmọ ni orísun ìkà, nígbà tí ó sì pa Adétutù nítorí oyún, Látóòsà àti àwọn olóyè dìde sí i bí ẹni tó ń gba ìlú lọ́wọ́ ìkà. Eré náà dùn. Ẹni tó bá ti kà á kì í gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ṣàkíyèsí ohun tí ó sọnù lójú ọ̀nà. Ìtàn ní ènìyàn mẹ́ta tí ohun mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ń tì: ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú, ológun tí ó fẹ́ owó àti àṣẹ, àti ọmọ àgbàtọ́ tí ó ta ìyá tó tọ́ ọ. Nínú eré, ohun tó ń ti obìnrin náà nìkan ló hàn gbangba. Ti àwọn ọkùnrin wọ aṣọ òdodo.

Mi ò bá Ìṣọ̀lá jà. Òǹkọ̀wé eré kì í ṣe akọ̀wé ilé ẹjọ́. Ó tilẹ̀ ṣe ohun kan tí ìtàn kò ṣe: ó fún àwọn ẹrú lórúkọ. Nínú ìwé Johnson, iye ni wọ́n. Nínú eré, Adétutù ni, Ìtáwuyì ni, wọ́n ń fẹ́ra wọn, wọ́n ń bẹ̀rù, wọ́n sì ń ronú bí wọn yóò ṣe bọ́. Ọmọ Èkìtì tó bá ka ibẹ̀ yẹ kó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Àwa òǹkàwé ni ọ̀rọ̀ mi bá wí. Bí a bá ń ṣe àtúpalẹ̀ ẹ̀dá-ìtàn, a máa ń yára wo inú obìnrin, a ó sì rí ọmọ tí kò bí. A kì í sábà bi ọkùnrin tó ń bá a jà pé èló ló jẹ.

Mo ti wà ní ìpele àṣekágbá báyìí. Ní oṣù tó kọjá, mo bá àǹtí mi ṣírò ìwé gbèsè rẹ̀. Nígbà tí a rò ó pọ̀, mo rí i pé àwọn tí ẹnu wọn kò kúrò lórí Ẹfúnṣetán ni gbèsè wọn pẹ́ jù níbẹ̀. Mo wá sọ fún un pé mo fo gbólóhùn kan lọ́jọ́ tí mo ka àròkọ yẹn, mo sì sọ ohun tí mo kọ. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó ní òun mọ̀ pé mo fo nǹkan, nítorí ohùn mi yí padà. Lẹ́yìn náà, ó ní kí n ṣí ojú ewé tó kàn, kí á máa ṣírò lọ.