Frederick Taylor àti Ìtàn Irin Rẹ̀
Ìlú Philadelphia ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti bí Frederick Winslow Taylor ní ọdún 1856. Ó yege ìdánwò àtiwọ Yunifásítì Harvard, ṣùgbọ́n ojú tó ń dùn ún kò jẹ́ kí ó lọ. Iṣẹ́ ọwọ́ ni ó kọ́. Aago ni ó fi ń wọn iṣẹ́ àwọn alágbàṣe. Ó ní ọgbọ́n òun mú kí ẹnì kan ní Bethlehem máa kó irin tọ́ọ̀nù 47 lójúmọ́ dípò 12. Láti 1909, ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣàkóso okòwò ní Harvard yẹn kan náà. Ó kú ní 1915. Ní 1974, àwọn olùwádìí yẹ àkọsílẹ̀ wò, wọ́n sì bá àbùmọ́ púpọ̀ nínú ìtàn irin tí àwọn olùkọ́ ti gbà gbọ́ láìbéèrè.