Darwin àti àwọn ekòló rẹ̀

Ní ọdún 1809, wọ́n bí ọmọkùnrin kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ rẹ̀ ni Charles Darwin. Láti kékeré ni ó ti fẹ́ràn láti máa kó kòkòrò jọ. Nígbà tí ó dàgbà, ó wọ ọkọ̀ ojú omi, ó sì yí ayé ká fún ọdún márùn-ún.

Nígbà tí ó padà dé, àbúrò ìyá rẹ̀ mú un lọ sí pápá kan. Wọ́n ti da eérú sí ibẹ̀ ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n eérú kò sí lórí ilẹ̀ mọ́, ó ti wọ abẹ́ koríko lọ. Ta ni ó bò ó mọ́lẹ̀? Bàbá náà ní ekòló ni. Darwin gbà á gbọ́. Àwọn mìíràn kò gbà. Wọ́n ní ekòló kéré jù fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1842, Darwin fọ́n ẹfun sí pápá kan nítòsí ilé rẹ̀, ní abúlé Downe. Ó sì dúró. Ọdún 29 ni ó fi dúró! Àwọn ọmọ rẹ̀ dàgbà, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun. Ní ọdún 1871, wọ́n gbẹ́ ilẹ̀ náà. Ẹfun ti wà nísàlẹ̀, bíi sàǹtímẹ́tà 18. Ekòló ń gbé iyẹ̀pẹ̀ mì nísàlẹ̀, wọ́n ń yà á sókè, díẹ̀díẹ̀, lọ́dọọdún.

Darwin tún kó ekòló sínú ìkòkò, ó gbé wọn wọ inú ilé. Ìyàwó rẹ̀ tẹ dùùrù fún wọn. Ọmọ rẹ̀ fun fèrè ńlá. Ekòló kò mira, nítorí wọn kò ní etí. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé ìkòkò lé orí dùùrù, tí dùùrù sì ń gbọ̀n, kíá ni wọ́n sá wọ ihò.

Ó fún wọn ní ewé oríṣiríṣi. Wọ́n fẹ́ràn ewé kárọ́ọ̀tì gan-an. Báwo ni ẹni tí kò ní eyín ṣe ń jẹun? Ekòló ní iwe bíi ti adìẹ. Òkúta wẹ́wẹ́ inú iwe náà ni ó ń lọ oúnjẹ.

Ohun kan wà tí Darwin kò mọ̀. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ mìíràn rí i. Àwọn ohun abẹ̀mí tíntìntín, tí ojú wa kò lè rí, pọ̀ nínú ìfun ekòló. Inú iyẹ̀pẹ̀ tí ó gbé mì ni wọ́n ti wá. Ekòló fún wọn ní omi àti oúnjẹ díẹ̀. Àwọn náà ń bá a ṣiṣẹ́. Ewé líle tí kò lè tètè dà, wọ́n ń bá a sọ ọ́ di rírọ̀.

Darwin di arúgbó, ara rẹ̀ kò sì le. Ó ń bẹ̀rù pé òun lè kú kí òun tó parí ìwé òun nípa ekòló. Ó parí rẹ̀. Ìwé náà jáde ní ọdún 1881, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn sì rà á.

Ó kú ní oṣù kẹrin ọdún 1882. Ó ti rò pé ilẹ̀ Downe ni wọn yóò sin òun sí, láàárín àwọn ekòló. Ṣùgbọ́n inú ilé ìjọsìn ńlá Westminster, ní London, ni wọ́n sin ín sí, lábẹ́ òkúta.