Christopher Strachey

Christopher Strachey (16 Oṣù Kọkànlá 1916 – 18 Oṣù Kàrún 1975) jẹ́ onímọ̀ kọ̀ǹpútà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó wà lára àwọn tó fi ìpìlẹ̀ ìmọ̀ nípa ìtumọ̀ èdè ìṣètò kọ̀ǹpútà lélẹ̀.

Hampstead ní Lọ́ńdọ́nù ni a bí i sí. Bàbá rẹ̀, Oliver, jẹ́ atúdìí ọ̀rọ̀ àṣírí fún ìjọba. Ìyá rẹ̀, Ray, wà lára àwọn tó jà fún ẹ̀tọ́ obìnrin láti dìbò. Strachey kò fakọyọ nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Cambridge. Olùkọ́ ni ó jẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ Harrow nígbà tí ó kọ ètò tí kọ̀ǹpútà lè fi ta dráàfù. Ní 1952, ètò náà ṣiṣẹ́ ní Manchester, àwòrán pátákó ayò náà sì ń hàn lójú ẹ̀rọ.

Ní 1965, ó dá ẹgbẹ́ ìwádìí nípa ètò kọ̀ǹpútà sílẹ̀ ní Yunifásítì Oxford, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n níbẹ̀ ní 1971. Ṣùgbọ́n ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tó ṣe ní Copenhagen ní Oṣù Kẹjọ 1967 ló yẹ kí a dúró lé lórí jù. Níbẹ̀ ni ó ti ya iye kan sọ́tọ̀ kúrò lára àyè tí iye náà ń gbé. Ó tún fi hàn pé kò pọn dandan kí àyè jẹ́ ibì kan pàtó nínú ìrántí kọ̀ǹpútà: ohunkóhun tó bá ní ìlànà méjì, ọ̀kan láti mú iye jáde, èkejì láti fi iye tuntun rọ́pò ti àtijọ́, lè dúró gẹ́gẹ́ bí àyè.

Irú ìlànà oníbejì bẹ́ẹ̀ ni àwọn tó ń kọ ètò onífèrèsé ń lò lónìí láti so ohun tó hàn lójú fèrèsé mọ́ iye tó wà nínú ètò. Nínú WPF ti Microsoft, tó jáde ní 2006, Convert ló ń gbé iye lọ sójú fèrèsé, ConvertBack ló sì ń gbé e padà. Ká ní ìwọ̀n Celsius ni ètò kan fi ń tọ́jú ìgbóná ara, ṣùgbọ́n Fahrenheit ni nọ́ọ̀sì ń kà: 37 yóò hàn gẹ́gẹ́ bí 98.6. Bí nọ́ọ̀sì bá tẹ 104, 40 ló gbọ́dọ̀ wọlé. Bí 104 bá wọlé bẹ́ẹ̀ láìyípadà, àkọsílẹ̀ aláìsàn náà ti di irọ́.

Strachey kì í kánjú tẹ ìwé jáde. Ọwọ́ dé ọwọ́ ni ẹ̀dà ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Copenhagen náà ń lọ láàárín àwọn onímọ̀. Ọdún 2000 ni ó tó jáde nínú jọ́nà. Àìsàn ẹ̀dọ̀ ló pa á. Ìwé tí òun àti Robert Milne jọ kọ jáde ní 1976.