Adrian Stokes, Oníṣègùn tí Ibà Pọ́njú-pọ́ntọ̀ Pa sí Èkó

Bí a bá ní kí akẹ́kọ̀ọ́ dárúkọ àwọn òyìnbó tó kú sí ilẹ̀ wa, Mungo Park àti Clapperton ni yóò kọ́kọ́ dá, nítorí àwọn ni ìwé ìtàn ilé-ẹ̀kọ́ ń pariwo. Ẹnì kan wà tí ìwé wa kì í sábà mẹ́nu bà, bẹ́ẹ̀ Èkó níbí ló kú sí, ní ọjọ́ 19 oṣù kẹsàn-án ọdún 1927, nígbà tó wà ní ẹni ogójì ọdún. Adrian Stokes ni orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ ló pa á. Mo sì rò pé ó yẹ kí ìtàn rẹ̀ wà ní èdè Yorùbá, nítorí pé Yorùbá ní orúkọ fún àrùn tó pa á: ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, ibà tó ń mú kí ojú pọ́n, tó ń mú kí ìtọ̀ pọ́n.

Orúkọ yìí gbòòrò. Ẹnikẹ́ni tí ojú àti ìtọ̀ rẹ̀ bá ti pọ́n ni a máa ń sọ pé ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ mú, bẹ́ẹ̀ àrùn tó lè ṣe ènìyàn báyìí ju ẹyọ kan lọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, ẹ̀yin òǹkàwé mi, nítorí ohun tó da àwọn ọ̀mọ̀wé àgbáyé láàmú fún bí ọdún mẹ́wàá nìyẹn.

Ajégúnlẹ̀ ni èmi gbé dàgbà, Àpápá GRA sì ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́, tó ń tọ́jú ọgbà òdòdó fún àwọn tó ń gbé ilé ńláńlá. Boundary ni a ń pe ibi tí àdúgbò méjèèjì ti pààlà, ṣùgbọ́n ẹ̀fọn kò mọ ààlà. Ẹ̀fọn tó ń gbé ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ kiri láàárín ìlú kì í ṣe ẹ̀fọn inú ẹrẹ̀. Dúdú ni, àmì funfun wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ọ̀sán ló máa ń jẹni, omi mímọ́ ló sì ń yé ẹyin sí. Ní Ajégúnlẹ̀, a pọn omi sínú dúrọ́ọ̀mù nítorí ẹ̀rọ omi kì í dá a. Ní GRA, omi dúró nínú àwo òdòdó. Ibi méjèèjì ni ó tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ìrọ̀lẹ́ ni lékèélékèé máa ń wọ́ wá sun orí igi ní GRA. Àwọn ọmọkùnrin àdúgbò wa a máa dẹ pàkúté fún àdàbà àti ẹ̀gà, wọn a kó wọn sínú àgò, wọn a lọ tà wọ́n lẹ́nu géètì àwọn olówó. Ẹ̀gbọ́n mi kan wà lára wọn. Ó bi mí nígbà kan bóyá ẹ̀jẹ̀ ẹyẹ lè kó àrùn ran ẹni tó ń fi ọwọ́ lásán mú un lójoojúmọ́. Yorùbá ni mo ń kà ní Akọka, n kò ka ìmọ̀ ìṣègùn, nítorí náà mo lọ wá ìwé. Ìwé ló mú mi dé ọ̀dọ̀ Stokes, ẹni tí kì í ṣe ẹlẹ́yẹ, ṣùgbọ́n tó ń fọwọ́ kan ọ̀bọ.

Ìlú Lausanne ní Switzerland ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1887, àmọ́ ará Ireland ni àwọn ènìyàn rẹ̀. Bàbá rẹ̀ bá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣiṣẹ́ ní Íńdíà. Ìdílé oníṣègùn ni ìdílé Stokes ní Dublin. William Stokes, tí wọ́n ń dárúkọ títí dòní bí wọ́n bá ń sọ irú èémí kan tí ẹni tí ó ń kú lọ máa ń mí, ìdílé yìí náà ló ti wá. Trinity College ní Dublin ni Adrian ti kọ́ ìṣègùn. N kò ní pẹ́ lórí ìgbà èwe rẹ̀, nítorí ogun ló sọ ọ́ di ẹni tí a ń wí yìí.

Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ ní ọdún 1914, ó wọṣẹ́ oníṣègùn ológun, wọ́n sì rán an lọ sí ilẹ̀ Faransé. Nígbà náà, ọ̀nà jìn láti ojú ogun dé ibi tí wọ́n ti lè fi ẹ̀rọ wo kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀. Kí ni Stokes ṣe? Ó kó máíkírósíkóòpù àti àwọn ìgò rẹ̀ sínú àpótí ẹ̀gbẹ́ alùpùpù, ó sì ń gun alùpùpù náà tọ àwọn aláìsàn lọ níbi tí wọ́n wà. Ó tọ́jú àwọn tí ojú ọgbẹ́ wọn ti bàjẹ́, àti àwọn tí gáàsì olóró àwọn ará Jámánì fún lọ́fun. Oyè ológun tí wọ́n ń pè ní DSO wà lára ohun tó gbà fún un.

Nínú kòtò ogun ní Flanders, àwọn ọmọ ogun kan bẹ̀rẹ̀ ibà, ojú wọn sì pọ́n. Ní ọdún 1916, Stokes àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí ohun tó fà á: kòkòrò tín-ín-rín kan tó lọ́ bí okùn, tí eku inú kòtò ń tọ̀ jáde sínú omi àti ẹrẹ̀ tí àwọn ọmọ ogun ń rìn nínú rẹ̀. Àrùn yìí mú ojú pọ́n, ó mú ìtọ̀ pọ́n, síbẹ̀ kò kan ẹ̀fọn rárá. Bí irú rẹ̀ bá ṣe ọmọ Ajégúnlẹ̀, orúkọ kan náà ni ìyá rẹ̀ yóò pè é.

Ibí ni ìdààmú tí mo sọ ti bẹ̀rẹ̀. Hideyo Noguchi, ọmọ ilẹ̀ Japan tó ń ṣiṣẹ́ ní New York, tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri ayé, lọ sí Ecuador ní ọdún 1918. Ó rí kòkòrò tó lọ́ bí okùn lára àwọn tí wọ́n ní ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ló ń ṣe, ó sì kéde pé òun ti rí ohun tó ń fa àrùn náà. Ọ̀pọ̀ gbà á gbọ́, torí pé ènìyàn ńlá ni. Ẹni tí ó bá mọ àrùn eku Flanders dáadáa yóò ṣe iyèméjì, Stokes sì mọ̀ ọ́n ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ.

Ní ọdún 1920, Àjọ Rockefeller rán ìgbìmọ̀ kan wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà lórí ibà yìí. Gorgas, ògbólógbòó tó gbógun ti ẹ̀fọn ní Panama, ni olórí wọn, ṣùgbọ́n ó kú ní London lójú ọ̀nà. Stokes wà lára àwọn tó dé Èkó. Wọn kò rí aláìsàn tó pọ̀ tó, wọ́n padà lọ, nígbà tó sì di ọdún 1922 Stokes di ọ̀jọ̀gbọ́n ní ilé ìwòsàn Guy's ní London. Ipò tó dùn ni. Ó lè jókòó síbẹ̀ títí yóò fi darúgbó.

Àjọ náà tún padà wá ní ọdún 1925, wọ́n kọ́ ilé ìwádìí sí Yábàá, Henry Beeuwkes sì ni ọ̀gá ibẹ̀. Wọ́n wá kòkòrò Noguchi tì lára àwọn aláìsàn. Ohun mìíràn tún dí wọn lọ́nà: kò sí ẹranko tí wọ́n lè fi dán àrùn náà wò. Àwọn ọ̀bọ inú igbó tiwa ti bá ibà yìí gbé tipẹ́. Bí ó bá wọ ara wọn, kì í sábà hàn. Èyí ni wọ́n ṣe kó ọ̀bọ Íńdíà wọkọ̀ òkun wá. Ọ̀bọ tí ìran rẹ̀ kò pàdé àrùn náà rí kò ní agbára láti kojú rẹ̀. Ọdún 1927 yìí ni Stokes gba àyè lẹ́nu iṣẹ́ ní London, ó tún wá sí Èkó.

Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún náà, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Asibi, ẹni ọdún 28, ní abúlé Kpeve ní Gold Coast, tí a ń pè ní Ghana lónìí. Ibà tirẹ̀ kò le, ó sì yè é. Wọ́n gún ẹ̀jẹ̀ náà sára ọ̀bọ Íńdíà kan, ọ̀bọ náà kú láàárín ọjọ́ díẹ̀. Stokes àti àwọn ọ̀dọ́ méjì tó ń bá a ṣiṣẹ́, Bauer àti Hudson, gbé àrùn náà láti ara ọ̀bọ kan dé ara òmíràn. Wọ́n fi abẹ́rẹ́ gbé e, wọ́n fi ẹ̀fọn gbé e. Wọ́n fi asẹ́ tí ihò rẹ̀ kéré débi pé bakitéríà kì í gbà á kọjá sẹ́ ẹ̀jẹ̀ náà, síbẹ̀ ohun tó jò sísàlẹ̀ pa ọ̀bọ. Kòkòrò Noguchi kọ́ nìyẹn. Fáírọ́ọ̀sì ni.

Bí ọ̀bọ bá ti kú, ẹnì kan gbọ́dọ̀ là á yẹ̀wò, kí ó wo ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Stokes a máa ṣe é fúnra rẹ̀. Nígbà náà, ohun tí gbogbo wọn gbà ni pé ẹ̀fọn nìkan ló ń kó ibà yìí ranni, wọ́n sì ń ṣọ́ ẹ̀fọn gidigidi. Ẹ̀jẹ̀ tó wà lọ́wọ́ kò bà wọ́n lẹ́rù tó bẹ́ẹ̀. Ní àárín oṣù kẹsàn-án, ibà mú Stokes. Gbogbo àmì fi hàn pé láti ara ẹ̀jẹ̀ ọ̀bọ ló ti kó o.

Lórí ibùsùn àìsàn rẹ̀, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀fọn mu ẹ̀jẹ̀ òun, kí wọ́n sì fa ẹ̀jẹ̀ òun gún ọ̀bọ, pé bí òun bá kú kí wọ́n yẹ òkú òun wò. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Àrùn náà mú ọ̀bọ tí wọ́n gún, òkú Stokes sì fi ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ hàn kedere. Báyìí ni àìsàn rẹ̀ ṣe di ẹ̀rí tó kù: ohun tó wà lára ọ̀bọ wọn àti ohun tó ń pa ènìyàn, ọ̀kan náà ni. Bauer àti Hudson padà dán an wò lára ọ̀bọ, wọ́n sì rí i pé fáírọ́ọ̀sì náà lè gba ojú awọ wọlé. Ní ọdún 1928 ni ìwé tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kọ jáde. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ ṣáájú ti wà nínú ilẹ̀ ní Èkó.

Ikú kò tíì kúrò níbẹ̀ o. Noguchi fúnra rẹ̀ wá sí Accra láti wá gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀. Ibà náà pa á ní oṣù karùn-ún ọdún 1928. Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá tó pa William Young tó yẹ òkú rẹ̀ wò. Ní ọdún 1930 ó pa Theodore Hayne ní Èkó. Àwọn wọ̀nyí, ìwé dárúkọ wọn. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tó ń dá ọ̀bọ dúró, tó ń fọ ilé ẹran, tó ń nu ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀ ní Yábàá, orúkọ tiwọn ṣọ̀wọ́n nínú ìwé, èyí kò sì tẹ́ mi lọ́rùn.

Mo ní kí n dé orí ọ̀rọ̀ ẹyẹ. Fáírọ́ọ̀sì kan wà tó jẹ́ ìbátan ti ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, West Nile ni wọ́n ń pè é, nítorí pé ní agbègbè West Nile ní Uganda ni wọ́n ti kọ́kọ́ rí i, nínú ẹ̀jẹ̀ obìnrin kan, ní ọdún 1937. Ara ẹyẹ ló ń gbé. Ẹ̀fọn tó ń gbé e yàtọ̀ sí ti Stokes: èyí ń jẹni lóru, omi gọ́tà ìdọ̀tí sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Nínú ènìyàn mẹ́wàá tó bá kó o, bí mẹ́jọ kì í mọ̀ rárá. Nínú bí 150, ó lè wọ ọpọlọ ẹnì kan. Ó dé New York ní ọdún 1999, ó sì pa ẹyẹ bí ilẹ̀ bí ẹní. Ní Amẹ́ríkà kan náà ní ọdún 2002, òṣìṣẹ́ ilé ìwádìí kan ń la òkú ẹyẹ kan yẹ̀wò, ọ̀bẹ gé e ní àtàńpàkò, ó sì kó fáírọ́ọ̀sì náà. Ara rẹ̀ yá. Ọdún 75 ló wà láàárín ọwọ́ rẹ̀ àti ọwọ́ Stokes.

Èsì tí mo fún ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn: ẹ̀fọn ló sábà máa ń gbé e, ṣùgbọ́n kí ó má fi ọwọ́ tó bó kan ẹyẹ tó kú, kí ó ra ìbọ̀wọ́, nítorí pé West Nile kò tíì ní abẹ́rẹ́ àjẹsára fún ènìyàn.

Ti ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ní. Max Theiler mú fáírọ́ọ̀sì Asibi tí Stokes àti àwọn yòókù fi ṣiṣẹ́, ó ń tọ́ ọ dàgbà nínú ẹran ara ọmọ adìẹ tí kò tíì pa, títí ó fi rọ̀ tí kò lè pani mọ́. Ọdún 1937 ni abẹ́rẹ́ náà jáde, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel fún un ní ọdún 1951. A ti ṣe abẹ́rẹ́ yìí ní Yábàá rí, kí ó tó dáwọ́ dúró ní ọdún 1991. Ibà náà ti jà ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní ọdún 1987, ó sì tún yọjú ní Ìfẹ́lódùn ní ìpínlẹ̀ Kwara ní ọdún 2017, lára ọmọbìnrin ọlọ́dún méje. Títí di òní, inú ẹyin adìẹ ni wọ́n ti ń ṣe abẹ́rẹ́ náà, ìran fáírọ́ọ̀sì Asibi ará Kpeve ló sì wà nínú rẹ̀. Òun ni àwọn atukọ̀ tó ń sọ̀kalẹ̀ ní èbúté Àpápá gbà tí wọ́n fi ń mú káàdì pupa rẹ́súrẹ́sú wọn dání.